Obìnrin Tó Ń Yá Oòrùn Lórí Àpáta

Orúkọ rẹ̀ ni Fúnmiláyọ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ orúkọ náà kí n tó sọ ohunkóhun mìíràn, nítorí pé ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọmọdé nílé wa ní Ìjẹmọ̀, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pè é bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Ìyàwó, gbálẹ̀. Ìyàwó, omi dà? Ìyàwó, ewúrẹ́ ti dé ìdí láfún o! Èmi náà, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Ìyàwó ni mo ń pè é, "ìwọ" ni mo sì ń bá a sọ, òun á sì fi "ẹ̀yin" dá mi lóhùn. Ẹni tí kò bá ti ilé bíi tiwa wá lè rò pé àwàdà ni mò ń ṣe. Kì í ṣe àwàdà rárá. Bọ̀dá Wálé, àbúrò bàbá mi, ló fẹ́ ẹ, wọ́n sì ti bí mi kí wọ́n tó gbé e wọlé, nítorí náà ọkọ ni mo jẹ́ fún un. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ mi. Akọ̀wé ló sọ mí, nítorí pé ìwé kì í wọ́n lọ́wọ́ mi. Láràárọ̀, obìnrin tó ku ọdún kan péré kó jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ yóò fi orúnkún kanlẹ̀ níwájú èmi tí n kò tíì mọ imú fọn dáadáa, á ní, "Ẹ kú ọyẹ́ o, Akọ̀wé ọkọ mi. Ṣé ẹ jí dáadáa?" Mo máa ń gbádùn rẹ̀. Kí n má purọ́ fún yín, mo máa ń gbádùn rẹ̀ gan-an ni.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, ọyẹ́ tètè dé, ó sì le. Ètè gbogbo wa ló bẹ́. Páànù orí ilé á máa dún kó, kó, kó, bí oòrùn bá ti ń wọ̀ ọ́ lára láàárọ̀, ewé máńgòrò gbígbẹ á máa fi ara ha ilẹ̀ kiri àgbàlá. Kí ilẹ̀ tó mọ́, bàbá mi, màmá mi àti Bọ̀dá Wálé á ti jáde lọ wọ ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ síṣẹ́ ní Èkó, a kì í sì í rí wọn mọ́ àfi nígbà tí a bá ti jẹun alẹ́ tán. Ilé á wá ku Ìyá Àgbà, tó bí bàbá mi, àti Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olórí agboolé. Àpáta pẹrẹsẹ kan wà lẹ́yìnkùlé wa, bó ti wà lẹ́yìn ilé púpọ̀ ní Abẹ́òkúta, orí rẹ̀ la sì ń sá láfún sí. Ìgbà ọyẹ́ ni láfún máa ń gbẹ dáadáa, tí kì í sì í hu. Gbogbo ẹ̀yìnkùlé á máa rùn fún ẹ̀gẹ́ tí a rẹ sínú omi, òórùn tí inú àlejò máa ń rú sí, àmọ́ tí ó máa ń jẹ́ kí ebi pa àwa. Ìsinmi ilé-ìwé la wà, iṣẹ́ tèmi kò ju kí n máa lé ewúrẹ́ àti adìyẹ kúrò nídìí láfún lọ. Gbogbo ìyókù, Ìyàwó ló ni ín: gbígbá àgbàlá, fífa omi lókànga fún gbogbo ilé, bíbó ẹ̀gẹ́, rírẹ ẹ́, fífún un, gbígbé e gun àpáta, ògì àárọ̀ Bàbá Àgbà, ọbẹ̀ ọ̀sán, aṣọ fífọ̀. Oyún oṣù mẹ́fà wà nínú rẹ̀.

Ohun tó fa ìjà ni pé, bí ó bá ti gbálẹ̀ tán, tó sì ti pọn omi, ó máa ń gun orí àpáta yẹn, á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ láfún, á kẹ́yìn sí oòrùn. Aṣọ méjì á wà lára rẹ̀, kóòtù Bọ̀dá Wálé á tún wà lórí rẹ̀, síbẹ̀ á ṣì máa gbọ̀n. Nígbà tí oòrùn bá kúrò níbi tó jókòó sí, á dìde díẹ̀díẹ̀, á tẹ̀ lé oòrùn náà. Inú Ìyá Àgbà á ru. Á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, á pariwo kí àwọn ará ilé kejì lè gbọ́: "Ẹ wá wo alángbá wa lórí àpáta o! Ó ti tún lọ na ara sílẹ̀! Nígbà tí mo lóyún Wálé, oko Ọ̀dẹ̀dá ni mo ti rọbí, pẹ̀lú igi lórí!" Ọjọ́ tí a bá bi í bí igi náà ṣe tóbi tó, ó máa ń tóbi ju ti ọjọ́ tó ṣáájú lọ. Èmi á rẹ́rìn-ín. Èmi yìí náà ni Ìyá Àgbà máa ń rán pé kí n lọ wò ó bóyá Ìyàwó ṣì wà níbẹ̀, èmi ni mo sì máa ń padà wá jíṣẹ́ pé ó wà níbẹ̀. Ìyá Àgbà á sì fún mi ní ẹran kan nínú ìkòkò. Títí di òní, bí mo bá rántí ẹran yẹn, ara mi á bù máṣọ.

Ìdí yanrìn tí bàbá mi dà sílẹ̀ láti fi mọ ọgbà ni mo ti rí àwọn ẹyin náà. Mò ń gbẹ́ ihò, ọwọ́ mi kan nǹkan rọ̀bọ̀tọ̀ mélòó kan. Ẹyin alángbá ni, àmọ́ gbogbo wọn ló ti sún kì, wọ́n ti tẹ̀ wọnú. Mo dì wọ́n sínú ọwọ́, mo gun àpáta lọ bá Ìyàwó. "Ta ló fa omi inú wọn mu?" ni mo bi í. Ó gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Ó ní, "Ilẹ̀ ló fà á mu, Akọ̀wé. Ẹyin alángbá kì í ní èèpo líle bíi ti adìyẹ, awọ rírọ̀ ni. Tí ilẹ̀ bá tutù, á máa fa omi látinú ilẹ̀, á sì máa wú. Tí ilẹ̀ bá gbẹ, ilẹ̀ á gba omi ọwọ́ ẹ̀. Ìyá tó yé wọ̀nyí pẹ́ kó tó yé wọn, òjò ti lọ." Mo ronú díẹ̀. Mo ti rí ibi tí yìnyín bo gbogbo ilẹ̀ nínú tẹlifíṣọ̀n. Mo bi í pé àwọn ibi tí ilẹ̀ ti máa ń tutù bíi yìnyín, tàbí tó máa ń gbẹ lọ́dọọdún ńkọ́, ṣé kò sí alángbá níbẹ̀ ni? Ẹ wò ó, ojú obìnrin náà yí padà. Ó fa kóòtù mọ́ra, ó fọwọ́ gbá àpáta pé kí n jókòó.

Ó ní, "Wọ́n wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn kì í yé ẹyin. Ọmọ ni wọ́n ń bí."

"Irọ́!"

"Òótọ́ ni, ọkọ mi. Ìgbà oòrùn ibẹ̀ ò pẹ́ rárá. Tó bá ri ẹyin mọ́lẹ̀, òtútù á ti dé kí ọmọ inú ẹ̀ tó pé. Níbi tó gbẹ, bí ẹ ṣe rí i yìí náà ló máa rí. Kí ni ìyá á wá ṣe? Á pa ẹyin náà mọ́ sínú ara ẹ̀. Ibẹ̀ lomi wà, ibẹ̀ looru wà. Tí oòrùn bá yọ, á gun orí òkúta, á yá oòrùn fún ara ẹ̀, á yá a fún wọn. Tí oòrùn bá ṣí, á ṣí tẹ̀ lé e. Kò ní lè sáré bó ṣe ń sáré tẹ́lẹ̀, ẹyẹ lè gbé e, àmọ́ kò ní kúrò. Tí wọ́n bá pé, á bí wọn láàyè, tín-ín-tín, wọ́n á sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé irú kan náà ni wọ́n, èyí tó wà níbi tó móoru ń yé ẹyin, èyí tó wà lórí òkè tó tutù ń bímọ."

Mo bojú wo ikùn rẹ̀, mo bojú wo oòrùn. "Ṣé ìdí tó o fi ń jókòó síbí nìyẹn?" Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Bóyá ni, ọkọ mi. Ọmọ tiwa náà ń gba oòrùn tiẹ̀." Àwàdà ni. Ọmọdé tí kò ní ọpọlọ nìkan ni kò ní mọ̀ pé àwàdà ni.

Olùkọ́ ni mí báyìí ní ilé-ìwé gíga kan ní Ọ̀dẹ̀dá, ẹ̀kọ́ nípa ohun ẹlẹ́mìí ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ. Bí mo bá dé ibi tí a ti ń sọ̀rọ̀ ẹran afàyàfà, n kò ní ohun tí mo fẹ́ fi kún ohun tí obìnrin yẹn sọ fún mi lórí àpáta, n kò sì rí ibì kan tó ti ṣì í sọ. Kò wo ìwé. Ó ti kà á, ó ti yé e, ó wà lórí rẹ̀. Mo ti jókòó níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò lè ṣàlàyé rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń fọ ìkòkò nílé wa, ẹ sì wá sọ fún mi pé kí n má bínú.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan ni gbogbo wa péjọ sí pálọ̀ Bàbá Àgbà, nítorí pé Bọ̀dá Wálé ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ṣé kí wọ́n tó fún un ní Fúnmiláyọ̀, ó ti ṣèlérí fún àwọn òbí rẹ̀ pé òun á jẹ́ kó parí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó wá ń tọrọ àyè pé, bí ìyàwó òun bá bímọ, tí ọmọ náà bá ti tó fi sílẹ̀ fún Ìyá Àgbà, kí ó padà lọ ṣe ọdún kan tó kù. Ìyàwó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, ó ń wolẹ̀. Bàbá Àgbà kò kọ̀. Mo rántí dáadáa pé kò kọ̀. Ó ń mi orí ni, ó ní ohun tó dára ni. Ìyá Àgbà ló já lu ọ̀rọ̀: "Ìwé wo? Ẹni tí kò lè ṣe iṣẹ́ ilé? Ọ̀lẹ ni, Bàbá! Orí àpáta ló ń gbé láti àárọ̀ dọ̀sán!" Bàbá Àgbà fẹ́ fi ẹ̀rín paná ọ̀rọ̀ náà. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ó dáa, a ò bi ọkọ ẹ̀ àgbà léèrè. Akọ̀wé, ìwọ lo máa ń wà níbẹ̀. Ṣé ọ̀lẹ ni ìyàwó ẹ?"

Àyè nìyí o. Nínú gbogbo ilé yẹn, èmi ni wọ́n bi. Mo lè sọ pé rárá, mo lè sọ pé òtútù ń mú un, pé kí oòrùn tó yọ ló ti máa ń ṣe iṣẹ́ àárọ̀ tán. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo mọ nǹkan. Mo dìde dúró, mo ní, "Kì í ṣe ọ̀lẹ. Ó ń ṣe bí alángbá tó lóyún ni. Ó sọ fún mi pé ọmọ inú òun ń gba oòrùn bíi ti ọmọ alángbá."

Bàbá mi rẹ́rìn-ín, ó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó sì panu dé. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ méjèèjì lé orí. Ẹ mọ bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣọ́ ẹnu aboyún, wọn kì í fẹ́ kó wo ohun tí kò dára, wọn kì í fẹ́ kó dárúkọ rẹ̀, kí ọmọ má baà jọ ọ́. "Ó fi ọmọ mi wé alángbá!" ló ń pariwo. "Ó fi ẹnu ara ẹ̀ pè é! Ẹ gbà mí o, ẹ̀yin ará ilé!" Ìyàwó ń gbìyànjú láti ṣàlàyé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀kọ́ ni mò ń kọ́ ọmọ. Òtútù ló ń mú mi, Bàbá. Kì í lọ lára mi." Bàbá Àgbà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ní, "Òtútù? Ta ni ọyẹ́ ò mú nínú wa?" Ó dá ẹjọ́ náà níbẹ̀: láti ọjọ́ náà lọ, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ àpáta, ìwé tó ń kó irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i lẹ́nu, kí wọ́n kó o wá sọ́dọ̀ òun, ọ̀rọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì, òun ò fẹ́ gbọ́ ọ mọ́. Bọ̀dá Wálé, tó mọ̀wé, tó ń wọ táì lọ sí ọ́fíìsì ní Èkó, ń wo bàtà rẹ̀. Màmá mi, tí òun náà jẹ́ ìyàwó ilé, ń wo ògiri. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tó ní, "Ẹ dúró ná." Mo ti dárí ohun púpọ̀ ji àwọn òbí mi, àmọ́ èyí kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó tẹ̀ lé e, inú ilé ìdáná tí oòrùn kì í dé ni Ìyàwó wà. Ó ń ṣiṣẹ́ lọ. Ojú rẹ̀ wú, ètè rẹ̀ ṣá, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ funfun bíi láfún tó gbẹ. Bí ó bá gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, á dúró, á máa mí helehele. Ìyá Àgbà ní ó ń díbọ́n. Síbẹ̀ kò ṣíwọ́ kíkúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, àfi pé ó máa ń di ògiri mú kó tó lè dìde. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí korobá dún gbàà lẹ́bàá kànga. Nígbà tí mo débẹ̀, ó ti ṣubú, omi ti dà sí i lára, ojú rẹ̀ sì ti yí sókè.

Ọkọ̀ aládùúgbò ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, mo tẹ̀ lé Ìyá Àgbà lọ. Nọ́ọ̀sì tó gbà á fi ìka fa ìpéǹpéjú rẹ̀ wálẹ̀, ó wo inú rẹ̀, ó yíjú sí wa. N kò rí obìnrin tó bínú tó bẹ́ẹ̀ rí, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó ní, "Ta ló ń tọ́jú obìnrin yìí nílé? Ṣé ẹ ò lójú ni, Màmá? Kò sẹ́jẹ̀ lára ẹ̀ rárá! Ṣé kò sọ fún yín pé òtútù ń mú òun?" Ìyá Àgbà ní, "Gbogbo wa ni òtútù ń mú, ìyá mi. Ọyẹ́ ni." Nọ́ọ̀sì náà ní, "Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára ẹ̀, inú oòrùn gan-an ni òtútù á ti máa mú un. Àìsàn ló ń bá yín sọ̀rọ̀ yẹn, ẹ ní ọyẹ́." Àpò ẹ̀jẹ̀ méjì ni wọ́n fà sí i lára. Oòrùn kọ́ ni ì bá wò ó sàn, mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ báyìí. Ènìyàn kì í ṣe alángbá. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ń wá ohun tó nílò, ó ń sọ ọ́ jáde lójú gbogbo wa, àwa sì gbé e kúrò lórí àpáta kí a má baà máa rí i.

Ọmọ náà tètè dé ju ọjọ́ rẹ̀ lọ, ó kéré, ó sì yè. Ní ọjọ́ ìkómọ, pálọ̀ yẹn kan náà ni gbogbo wa wà. Bàbá Àgbà gbé ọmọ lọ́wọ́, ó gbàdúrà títí, ó wá ní, "Ẹ rí i báyìí? Ká ní mi ò kìlọ̀ lọ́jọ́sí pé kó kúrò lórí àpáta, kó yé fi ọmọ wé alángbá, ta ló mọ ohun tí à bá gbé lọ́wọ́ lónìí? Àgbà ló gba ọmọ yìí là!" Gbogbo ilé ní kò sírọ́ ńbẹ̀. Ìyá Àgbà ní kí Ìyàwó dúpẹ́. Ó kúnlẹ̀, òun tí kò tíì lè rìn dáadáa, ó ní, "Ẹ ṣé, Bàbá. Ẹ ṣé, Màmá." Kò sí ẹni tó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn kò dá ìwé rẹ̀ padà, wọn kò sì mẹ́nu kan kọ́lẹ́ẹ̀jì mọ́ láéláé. Mo sọ fún ara mi fún ọ̀pọ̀ ọdún pé bí ayé ìgbà náà ṣe rí nìyẹn. Irọ́ ni. Nọ́ọ̀sì yẹn wà láyé ìgbà náà, ó sì mọ ohun tó tọ́.

Èmi ni mo lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà níkẹyìn. Nígbà tí ọyẹ́ èṣí bẹ̀rẹ̀, mo lọ bá a nílé. Àwọn àgbà méjèèjì ti kú, ọmọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, aṣọ ló ń rán. Ó tún fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi. Mo dì í mú, èmi ni mo kúnlẹ̀. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀: ẹran inú ìkòkò, iṣẹ́ tí wọ́n ń rán mi, ohun tí mo sọ ní pálọ̀ torí kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kó bínú sí mi. Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an, nítorí pé bí ó bá bínú, ó kéré tán, ẹnì kan nínú ilé wa á ti ka ọ̀rọ̀ náà sí ìwà ìkà. Ó kàn fà mí dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń bi mí ní ìbéèrè nínú ilé yẹn, Akọ̀wé. Kí ni mo fẹ́ bá yín jà sí?" Ó jókòó padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ki òwú bọ abẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó bi mí pé ìwé wo ni wọ́n fi kọ́ wa níbẹ̀. Mo dárúkọ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìwé tí òun náà ń kà nìyẹn. "Orí kẹfà ni mo kà dé kí Bàbá tó kó o. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà ní orí keje?"

Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fi ìwé yẹn kọ́ ọmọ ọlọ́mọ, kò sì sí ọjọ́ kan tí mo rántí mú un wá fún un.